Gòjé Òyìnbó àti Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Ọ̀pá tí mo fi ń fa gòjé ń fò lórí okùn bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí páànù gbígbóná. Ohùn tó ń jáde kì í ṣe orin, igbe ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti lọ jẹko ni. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí níwájú mi, wọ́n ń pa ẹkùrọ́ láàárín òkúta méjì, wọn ò sì gbójú sókè.

"Tún un fà," ni wọ́n wí. "Kó gùn."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, Màmá."

"Mo ní kí o fà á. Mi ò bi ọ́ léèrè ọwọ́."

Mo fà á. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ọkọ̀ ajágbégi kan tó ru gẹdú kọ lu bọ́ọ̀sì tí èmi àti bàbá mi wọ̀ lójú títì ńlá, nígbà tí a ń ti Òrè bọ̀ wá sílé ní Òdìgbó. Bàbá mi ò jáde nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n fa èmi gba ojú fèrèsé. Egungun kankan ò ṣẹ́ lára mi, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń kọ orúkọ mi, kì í dúró lórí ìlà.

Opó ni ìyá àgbà yìí, ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Ọkọ wọn tó ti kú jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé, ó sì fi gòjé òyìnbó méjì sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó kéré, tí ohùn rẹ̀ ga, ni fayolíìnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ni fiólà. Ọkọ wọn ló kọ́ wọn ní méjèèjì. Ìkálẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ sí mi, ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí bí gbogbo èèyàn yóò ṣe lè kà á.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Wòlíì wa wo ọwọ́ mi, ó ní òkú ojú ọ̀nà ló dì í mú, pé kí wọ́n mú mi wá sí ilé àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mi ò bẹ̀rù ààwẹ̀. Mi ò bẹ̀rù wòlíì náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì ńlá ni ilé àdúrà náà wà, nítòsí Òrè. Igbó kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹní tí mo máa sùn lé àti táyà ọkọ̀ àwọn ajágbégi. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo tọ̀ sára.

Màmá mi sunkún, wọ́n sì gbà kí n lọ. Ìyá àgbà ló lọ bá wòlíì.

"Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ìkórè," ni wọ́n wí. "Yóò fa gòjé níwájú ìjọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ẹ mú un."

"Màmá, ṣé gòjé ló máa lé òkú lọ?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ìkórè."

Láràárọ̀, tí mo bá ti gbálẹ̀ tán, mo máa ń lọ sí yàrá wọn kí n tó lọ sílé ìwé. Adín ni yàrá náà ń rùn, pẹ̀lú òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò lẹ́yìn ilé. Wọ́n máa ń fi oje igi gbígbẹ pa irun ẹṣin tó wà lára ọ̀pá náà kí wọ́n tó fún mi. Mi ò bèèrè ìdí rẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gúnyán. Fún oṣù kan gbáko, okùn kan ṣoṣo ni mo ń fà, láìtẹ ìka kankan mọ́ ọn. Kí ọ̀pá tó lọ láti ìdí dé orí, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pa ẹkùrọ́ mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n wá fún mi ní orin ìjọ kan, mo ṣe bí a ṣe ń ṣe nínú àdúrà wa: mo pariwo, mo sì sáré.

"Ṣé etí Ọlọ́run ló di ni, àbí tèmi?" ni wọ́n bi mí. "Ibo lo ti ṣì í?"

Mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n.

"Ibẹ̀ nìkan ni kí o fà, jẹ́jẹ́. Bí o bá fà á dáadáa ní ẹ̀ẹ̀mẹta, gbé e sílẹ̀ kí o lọ jẹun. Bí o bá ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, àṣìṣe lo kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá yẹn."

Mo máa ń bi wọ́n bóyá ọwọ́ náà yóò dúró kó tó di ìkórè. "Sọ èjìká rẹ kalẹ̀" ni ìdáhùn wọn.

Ìkórè dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé gòjé àti ọ̀pá wọ yàrá màmá mi. Ìgò òróró tí wòlíì ti gbàdúrà sí wà lórí àpótí màmá mi. Òróró yẹn la máa ń fi pa orí, òun la máa ń fi pa ilẹ̀kùn, kódà a máa ń fi pa àdá bàbá mi kí wọ́n tó lọ sóko wọn ní Omifúnfun. Mo fi pa ọwọ́ mi. Mo tún fi pa irun ọ̀pá náà, láti ìdí dé orí, mo sì ṣe àmín.

Ìjọ kún. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà nílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Mo gbé gòjé sí èjìká, mo fà á. Kò dún. Mo tún fà á, ọ̀pá ń yọ̀ lórí okùn bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀.

"Àbí gòjé náà ń gbààwẹ̀ ni?" ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn. Ìjọ rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà dìde láàárín àwọn akọrin, pẹ̀lú fiólà wọn lọ́wọ́. Wọ́n gba ọ̀pá náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló fi òróró pa á?"

"Èmi ni, Màmá."

"Òróró ò burú. Irun yìí ló yẹ kó gbẹ kó tó lè di okùn mú." Wọ́n fún mi ní ọ̀pá fiólà tiwọn, tó wúwo díẹ̀. Àwọn fúnra wọn wá ń fi ìka ta okùn fiólà, jẹ́jẹ́, kí n lè tẹ̀ lé e.

Mo fa orin náà dé òpin. Ohùn rẹ̀ ń mì, gbogbo ìjọ sì rí bí apá aṣọ funfun mi ṣe ń gbọ̀n.

Wòlíì dìde. "Orin náà dáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n, Màmá."

"Mo rí i. A ó wá."

"Ẹ̀yin àti ta?"

"Èmi àti ọmọ náà. Ẹní mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Màmá, ara yín le. Aláìsàn là ń mú wá síbẹ̀."

"Mo ti darúgbó. Ẹ má wá àìsàn mìíràn kún un fún mi."

Lóòótọ́, ẹní wà níbẹ̀, wọ́n ti ká a, pẹ̀lú ìró méjì àti kẹ́tù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò retí kí ọwọ́ mi dúró rárá. Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ni mo di etí ìró wọn mú, mi ò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ilé àdúrà.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún la lò níbẹ̀. Tí àdúrà òwúrọ̀ bá ti parí, a ó jókòó sẹ́yìn ilé, a ó fa gòjé. Bí ọkọ̀ ajágbégi bá ń bọ̀, páànù òrùlé á máa gbọ̀n, èmi náà á sì ju ọ̀pá sílẹ̀. Wọ́n á mú un, wọ́n á fi í sí mi lọ́wọ́.

"Má dúró dè é kó kọjá," ni wọ́n máa ń wí. "Fà á lọ." Ọwọ́ tiwọn wà lẹ́yìn mi. Ọjọ́ kan dé tí mi ò ju ọ̀pá sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò rántí ọjọ́ náà.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ọwọ́ náà ò dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ìwé yìí kó tó ṣeé kà. Èmi kì í wọkọ̀ tí oòrùn bá ti wọ̀. Lóde òní, nǹkan mìíràn wà tí èèyàn ń bẹ̀rù lójú títì yẹn ju ọkọ̀ ajágbégi lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ń wá kọ́ gòjé lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ń gbọ̀n, mi ò sì bi í ní ohun tó rí. Ìyá rẹ̀ bi mí bóyá yóò tán. Mi ò lè purọ́ fún un. Mo fa àga mi sún mọ́ ọmọ náà, mo sì ní kó bẹ̀rẹ̀.