Ẹni Kan Tí A Kì Í Kà

Bí igbá bá fọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ọ̀dọ̀ Moríyọ̀, opó Ògúnlànà, ni wọ́n ń gbé e lọ. Òòlu kékeré kan àti òwú ló fi ń jẹun láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Yóò rẹ igbá sínú omi títí yóò fi rọ̀, yóò lu ihò sí etí ibi tó ti là, yóò sì rán an. Bí oníbàárà bá ní, "Màmá, ó ti di tuntun," òun á ní, "Irọ́ ni. Igbá tó bá fọ́ ló ń gba kásẹ létí. Má fi bu omi gbígbóná."

Ọmọ mẹ́rin ló bí. Ó sin mẹ́ta. Célestin, tó ń pẹja ní Sèmè-Kpodji, nìkan ló kù.

Pátákó ìrókò mẹ́ta wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Baba ńlá ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ wọn, àmì wẹẹrẹ ló sì kún ara wọn: ẹja, òṣùpá, ènìyàn. Gbogbo ilé gbà pé ìwé ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kú kó tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Iye àwọn àmì náà nìkan ló kù fún wọn láti dì mú. Ibi tí ẹja bá wà, mẹ́ta ni. Ibi tí òṣùpá bá wà, méje ni. Ìyá ọkọ Moríyọ̀ máa ń sọ pé mẹ́ta jẹ́ ti omi, méje jẹ́ ti ọ̀run. Àwọn ènìyàn nìkan ni kò ní iye tí wọ́n ń tẹ̀lé, nítorí náà ìdílé gbà pé òkú wọn ni, torí ikú kì í tẹ̀lé iye.

Ìyá náà ló fi ekùrọ́ sílẹ̀ fún un nínú kèrègbè kékeré kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó wà lára pátákó, àfi ẹnì kan tí kò ní ekùrọ́. "A kì í ka ènìyàn pé," ó ní. "Bí o bá kà wọ́n pé, o ti fi ọ̀nà han ikú." Nígbà tí wọ́n sọ Célestin lórúkọ, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta ti wọ ilẹ̀, Moríyọ̀ sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé Célestin ni ẹni tí a kò kà yẹn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń ka àwọn ènìyàn náà, ogójì ni lẹ́nu rẹ̀.

Révolution, ìyípadà tí àwọn ológun fi gba ìjọba, ti lé ní ọdún mẹ́rin nígbà tí àwọn ajagun àjèjì fi ọkọ̀ òfurufú wá kọlu Cotonou. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹnì kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Théophile, olùkọ́ tó jẹ́ olórí kòmítéè àdúgbò, wọlé wá bá Moríyọ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin kan nínú kòmítéè náà tó ń jẹ́ Sikiratou. Moríyọ̀ ti rán igbá ìyá Théophile rí.

"Màmá, wọ́n ní ká sun gbogbo igi òrìṣà."

"Igi òrìṣà kọ́. Ìwé ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Bí mo bá mọ̀, ṣé igbá ni ǹ bá máa rán?"

Sikiratou rẹ́rìn-ín. Théophile rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ ìwé, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọgbọ́n àwọn baba wa ni, kí ìjọba gbà á pamọ́. Ẹ ka àmì rẹ̀ fún mi."

Inú Moríyọ̀ dùn. "Ẹja, mẹ́ta-mẹ́ta, lọ́nà mẹ́jọ. Òṣùpá, méje-méje, lọ́nà márùn-ún. Ènìyàn, ogójì."

Théophile ń kọ. Sikiratou fi bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ kan àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kámárádì, mọ́kànlélógójì ni." Ó yíjú sí Moríyọ̀. "Ta lẹ fi pamọ́?"

Moríyọ̀ ṣàlàyé ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọmọbìnrin náà ń le sí i.

"Kámárádì, ẹ ò gbọ́? Nǹkan tí wọ́n ní ká fòpin sí gan-an nìyẹn. Àfi bó bá jẹ́ orúkọ àwọn ọ̀tá ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀."

"Màmá," ni Théophile wí, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, "ẹ sọ pé ẹ ṣì wọ́n kà ni. Ẹ sọ mọ́kànlélógójì, ó parí."

Moríyọ̀ la ẹnu. Ó rí Célestin nínú ọkọ̀ ojú omi, tó dúró, tó ń ju àwọ̀n. Ó pa ẹnu dé. Nígbà tó tún la á, "Ogójì ni," ló sọ.

Pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti sun àwọn pátákó náà. Ìrókò kì í tètè jóná. Moríyọ̀ dúró títí iná fi kú, Théophile sì kọjú sí ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo àkókò náà.

Ọjọ́ Àìkú ni Célestin gbé ẹja gbígbẹ dé. Ó wo ògiri tó ṣófo.

"Wọ́n ní nítorí mi ni."

"Jẹun."

"Màmá, ẹ ì bá ti kà mí mọ́ wọn."

Moríyọ̀ fa igbá kan mọ́ra, ó fi òòlu gbẹ́ ẹja mẹ́ta sí i, ó gbẹ́ òṣùpá méje. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ènìyàn. Kò rántí bóyá ọkùnrin ló ṣáájú lára pátákó ni tàbí obìnrin tó káwọ́ lérí. Òòlu dúró lórí igbá, ọmọ rẹ̀ sì ń jẹun níwájú rẹ̀.