Ìgò Mínírà Méjì Tí Ràúdátù Fi Sílẹ̀

Ràúdátù Abdulraheem, olùkọ́ni nípa ìlera, kú lọ́jọ́ Àtàlátà. Onígbáméjì tó ń bá jà láti ilé dé ilé ní Ṣàngó ló pa á. Ọkọ rẹ̀ sáré wá bá wa ní ọ́fíìsì tí àwa àti Ràúdátù ti jọ ń ṣiṣẹ́: "Ẹ dákun, jíìpù dà?" Ọ̀gá wa ti rán jíìpù lọ sí Èkó, kó lọ pàdé àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ Ràúdátù. Kó tó rí takisí ní Ọ̀fà Garage, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́dún 1988, àwọn òyìnbó tó bá ìjọba wa lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ ìlera fún wa níwèé kan: bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, kí ìyá rẹ̀ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi ìgò bíà kan. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Ìgò bíà! Ní Ìlọrin! Mo jókòó sábẹ́ fáànù, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní mo ṣiṣẹ́.

Màmá Hadiza, ìyàwó áàfáà kan ní Ṣàngó, da ìwé náà padà fún Ràúdátù. "Asitagifirulai! Kí n gbé ìgò ọtí wọlé áàfáà?" Ràúdátù ò bínú. Ó mú ìgò mínírà tó wà nílẹ̀. "Màmá, ẹ fi irú èyí méjì wọn omi náà. Bákan náà ni." Àwọn ọmọ ń yè. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Onímínírà, a sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó gbọ́, wọ́n ní kí ẹni tó ronú kàn án wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun, kó lè wá kọ́ gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀gá wa, Jídé, ní Gẹ̀ẹ́sì Ràúdátù ò dán mọ́rán, kí n yọ orúkọ rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, kí n fi ti òun sí i. Mo fi sí i. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, èmi rèé. Jídé lọ, ó gba sátífíkéètì, ó bọ̀. Abiyamọ wo ló ti kọ́? Àbí sátífíkéètì tó gbé kọ́ ògiri ló ń wo gbuuru?

Ní Àlàmísì, àwọn òyìnbó náà dé Ṣàngó, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè lójú àwọn abiyamọ ẹni tó ronú kan ìgò mínírà. Jídé ní, "Àwa ni."

Màmá Hadiza dìde. "Àwa wo? Ìjẹta la sin ín!"

Mi ò lè gbójú sókè. Ojú ń tì mí, ojú ń tì mí gidigidi.

Kí ìjọba bi Jídé léèrè jíìpù. Kí wọ́n fi orúkọ Ràúdátù síwájú ìwé iyọ̀ àti ṣúgà náà. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí wọ́n wá bi mí. Ọwọ́ mi ló yọ ọ́.