Ọjọ́ Tí Tírà Mi Já Bọ́ Lórí Pápá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí kí ẹ tó máa rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ máa ń ní ẹ̀rù kì í bà mí lórí pápá básíkẹ́tì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Douala, ní orílẹ̀-èdè Cameroon, ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ àǹkárá ni bàbá mi àti màámi ń tà ní Marché Central, ọjà ńlá ìlú náà. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá mi gun bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà wa níbẹ̀ nìyẹn, lọ sí àdúgbò Akwa. Mọ́tò gbá wọn, wọn ò padà wálé mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ojora ti mú màámi. Wọ́n ní kí àáfà kan ṣe tírà fún mi, wọ́n sì so ó mọ́ mi ní ìbàdí. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá tú u, ọjọ́ náà làwọn máa pàdánù èmi náà. Ẹ wo ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ kékeré!

Yàrá kan ni èmi, màámi àtàwọn àbúrò mi méjì ń gbé. Sálúbàtà rọ́bà ni mo fi kọ́ básíkẹ́tì. Ṣùgbọ́n mo ga! Òpó iná làwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí.

Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́tàdínlógún, kóòṣì kan wá láti òkè òkun láti wo àwa ọmọbìnrin ní pápá kan ní àdúgbò Makepe. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa mú lọ gbá básíkẹ́tì lọ́hùn-ún. Màámi ti ìsọ̀ pa, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Mo fò sókè láti gba bọ́ọ̀lù ni okùn bá já. Pà! Tírà balẹ̀ láàrin pápá. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ mi sá sẹ́yìn, ó figbe ta: "Gris-gris! Coach, elle a le gris-gris!" Ó ń sọ fún kóòṣì pé mo so òògùn mọ́ra. Àwọn yòókù ní àwọn ò bá olóògùn ṣeré.

Mo he é, mo fẹ́ so ó padà. Kóòṣì ò bínú o, àmọ́ ó ní òfin ò gbà kí èèyàn so nǹkan mọ́ra gbá bọ́ọ̀lù. Kí n gbé e sílẹ̀, tàbí kí n lọ jókòó.

Bí mo bá gbé e sílẹ̀, ṣé mo máa délé láàyè? Bí mo bá so ó, ó parí nìyẹn, ó di inú yàrá kan yẹn. Mo bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi akọni yín!

Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, màámi ló ń bọ̀ lórí pápá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wọ́ mi lọ sílé ni. Wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Gbé e wá, Ràfíátù."

"Màámi, ẹ ṣáà ní n ò gbọdọ̀ tú u."

"Ṣé ìwọ lo tú u ni? Ó já ni. Ọlọ́hun tó ń ṣọ́ ẹ ò sí nínú awọ. Lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ!"

Wọ́n gba tírà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n pajú dé. Bí mo ṣe ń sáré, mo ṣáà ń retí kí orúnkún mi yẹ̀. Kò yẹ̀. Èmi ni kóòṣì mú, ibẹ̀ ni mo gbà di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gbá bọ́ọ̀lù.

Láìpẹ́ yìí, mo mú màámi wá wò mí níbi tí mo ti ń gbá a. Àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ mi, màámi tún pajú dé títí eré fi parí, wọ́n sì pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n ṣí i kí n rí i. Tírà yẹn ni! Awọ ẹ̀ ti bó tán.

Mo ní, "Màámi, ẹ ṣì ń dì í mú fún mi?"

Wọ́n ní, "Fún ìwọ kẹ̀? Èmi tí ẹ̀rù ń bà ni mo dì í mú fún."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ̀rù tí mo gbé mọ́ ìbàdí fún ọdún mẹ́jọ, ti màámi ni. Àfìgbà tí wọ́n gbà á padà lára mi ni mo tó fò dáadáa.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀rù ta lẹ̀ ń gbé kiri? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.