Arúgbó Tó Ń Dúró Síta Nínú Òtútù

Bí ẹ bá gba etí odò wa kọjá nígbà òtútù, tí ẹ rí arúgbó kan tó dúró síta bí òpó, tí yìnyín ti bo irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ má rò pé ìyàwó ló lé e jáde. Toktosun ni, ọkọ Burul àbúrò mi. Ó bá ìkookò méje jìjàkadì rí. Burul ní ajá kan ṣoṣo ni. Èmi ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Toktosun ń pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín nínú ilé. Saykal, ìyàwó Meder ọmọ rẹ̀, gbé garawa lọ sódò tó ti dì gbagidi, síbi tí a ti dá yìnyín lu láti máa pọnmi. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Yìnyín fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó rì dé àyà. Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó sì tún pọn omi náà wálé.

Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, kì í ráhùn níwájú rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí kó bọ́ṣọ níbi tó wà. Yàrá kan ṣoṣo sì ni ilé náà. Saykal da ẹ̀wù gbígbẹ bo tútù, ó ń bu tíì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tíì ń dà sílẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀ ni, tó o fi ń fún un ní tíì mu?" Toktosun wí. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́. Wọ́n rò pé iná ti yá a lára. Àṣé òtútù ló ti wọlé lọ jókòó sínú. Ó ń sọ ìsọkúsọ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ṣubú.

Ìgbà yẹn ni èmi àti Burul ti ibi tó ti lọ gbẹ̀bí dé. Àlejò kan ń fi yìnyín ra ọmọbìnrin náà lẹ́sẹ̀.

"Fi í sílẹ̀!" Burul pariwo. "Ṣé awọ lo ń fá ni? Gbogbo ọkùnrin, ó yá, síta! Bàbá Meder, ẹ lọ pa àgbò!"

Ó bọ́ aṣọ tútù náà kúrò jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bó ẹyin. Ó gbé e dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí oyún má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi awọ àgbò tó ṣì ń gbóná wé e, òun náà sì dùbúlẹ̀ tì í, ara kan ara. Nígbà tí Saykal lè gbé nǹkan mì, Burul ń fi ṣíbí rọ omi oníṣúgà tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́nu.

Ojú Saykal là. Ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ.

"Ìyá, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Mo da tíì sílẹ̀."

Etí Burul wà lórí ikùn náà. Ó fetí sílẹ̀ títí, ó fi etí kejì sí i. Ó fa awọ àgbò náà bò ó padà.

Toktosun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ tí a sin ọmọkùnrin tí Saykal bí lókùú sí, ilẹ̀ tó le bí irin. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn náà ó ní òun ni yóò máa pọnmi. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bú Saykal pé ó sọ bàbá ọkọ di ẹrú, ló bá gba garawa rẹ̀ padà. Nítorí náà, bí Saykal bá ti ń lọ sódò, Toktosun á bọ́ síta. Saykal á pọnmi dé, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á yẹ aṣọ ara rẹ̀ wò, á pààrọ̀ èyí tó bá tutù. Òtútù ìbáà bẹ́ òkúta, arúgbó náà kì í mira.

Ọmọbìnrin náà kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìdérí ló máa ń fi kan ìkòkò tíì, ko, ko, láti fi pè é wọlé.