Kòkòrò Ara Ògiri Ilé Ìdáná Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkìrun, èédú ni bírò mi, ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná wa sì ni ìwé. Kòkòrò tí mo bá rí nínú ọgbà ẹ̀fọ́ wa, tàbí lójú ọ̀nà oko Eko Ende, n óò yà á síbẹ̀: lámilámi, tata, ìkamùdù, ọ̀bọ̀ùnbọun. Èyí tó bá ta mí tàbí tó pa mí lára, mo máa ń kán epo pupa sí i lórí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ìyà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kéré. Ìyá mi fa etí mi títí, wọ́n ní kí n fọ ògiri yẹn kó tó di Sátidé, torí àlejò ìkórè ń bọ̀.

Kí Sátidé tó pé, a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọrùn àbúrò mi jòjòló ti pọ́n, ó ti bó, bíi pé omi gbígbóná ló jó o. Àǹtí Ṣadé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wá láti Igbaye láti bá wa tọ́jú ọmọ, ló wẹ̀ fún un lálẹ́ àná. Àǹtí búra títí, ìyá mi ò gbọ́.

"Omi kì í fẹsẹ̀ rìn lọ bá ọmọ. Ṣadé, lọ di ẹrù ẹ."

Àǹtí yìí ló máa ń fi àkàrà pamọ́ fún mi, òun náà ló ń gbà mí lọ́wọ́ pàṣán. Mo fa ìyá mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn wọ́n lára ògiri, epo wà lórí ẹ̀. Ara kòkòrò náà gan-an dúdú, ó tún pupa. Ó máa ń wá síbi iná nígbà òjò. Mo ti tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ apá mi rí, apá náà bó bákan náà, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá mi wo àpá, wọ́n wo ògiri. Wọ́n lọ gbọn aṣọ tí ọmọ fi sùn, kòkòrò náà já bọ́, ó ti fọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ṣadé, má bínú. Lọ tú ẹrù ẹ."

Ara tù mí débi pé mo bú sẹ́kún. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ kànìnkànìn fún mi ní Sátidé.

Lónìí, fóònù ni mo fi ń ya kòkòrò. Ó yá, kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ dọ̀tí, àmọ́ bí fóònù bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Àǹtí Ṣadé ti ní ọmọ-ọmọ ní Òkukù báyìí. A ti kun ilé wa láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìyá mi ò jẹ́ kí pénítà dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni Àǹtí máa ń kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n tó wọlé kí ẹnikẹ́ni.