Etí Ọ̀já Tó Ṣẹ́kù

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá kí mi pé mo ti rù, ohun tí mo máa ń fi dá a lóhùn ni pé, "Mi ò rù o, mo fúyẹ́ ni." Ìyá ọkọ mi ló kọ́ àdúgbò ní ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi lòun náà ti gbọ́ ọ.

Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Mo ti bí ọmọ mi kejì, mo sì sanra débi pé ọ̀já tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wé lẹ́ẹ̀mejì, tipátipá ni ẹnu rẹ̀ fi ń kàn lára mi. Kò sẹ́ni tó kà á sí àìsàn. Ní Ọ̀fà, bí ìyàwó bá sanra, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Àfi ìgbà tí ìfun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá sábẹ́ awọ, lójú ìdodo, tó ń le bí àgbálùmọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá wúkọ́. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi.

Dókítà kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní òun ti rán ikùn mi dáadáa, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀rá yìí bá ṣì wà níbẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà yóò tún ya. Ó sọ ìwọ̀n tí mo gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé. Kí n tó dé ibẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ pọn ọmọ.

Mo lè fara da gbogbo rẹ̀, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Bí oorun bá ń kùn ún, á wá sẹ́yìn mi, á na ọwọ́ méjèèjì, á máa fi orí gbá mi nítan. Ìyá ọkọ mi ni yóò gbé e pọ̀n. Ọmọ á wà lẹ́yìn ìyá àgbà, èmi ni yóò sì máa wò. Ìyẹn dùn mí ju abẹ lọ.

Mo jáwọ́ nínú iyán alẹ́. Mo dín epo kù, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ di oúnjẹ mi. Láàárọ̀, ògì lásán tí kò ní ṣúgà, tí ìyá ọkọ mi ń pò fún mi. Bí mo bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà bọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn gba iwájú rélùwéè, n kì í jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọkọ mi mọ́. Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì ń fi mí sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a jọ ń rẹ́rìn-ín bí ọwọ́ òṣùwọ̀n náà ti ń lọ sílẹ̀. Aṣọ mi ń tú. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi ń yọ̀ wá sí itan.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró. Mo padà lọ, ó dúró. Mo dín oúnjẹ kù sí i títí òòyì fi ń kọ́ mi níwájú pátákó ìkọ̀wé, síbẹ̀ ó dúró bí ohun tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n má febi pa ara mi, pé ara a máa dúró sinmi nígbà mìíràn. Mo dúpẹ́, mo délé, mo sunkún nínú balùwẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò kò sì jẹ́ kí n gbádùn níta, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn pé mo ti rù. Ìyá kan ládùúgbò bi ìyá ọkọ mi lójú mi pé ṣé gààrí ti wọ́n nílé wọn ni. Ó kàn ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Mo rò pé kò ká a lára ni.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé, ó di dandan kí n po ògì mi fúnra mi. Ọmọ mi a máa jókòó tì mí láàárọ̀ láti gba ìṣẹ́kù. Mo gbé ife fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó ti ife padà, ó wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ. Mo mu ún fúnra mi. Ó kan, ó ṣàn. Èyí tí ìyá ọkọ mi ń pò máa ń ki, ó máa ń dùn. Mo ti rò pé ebi ló ń dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tó dé, n kò jẹ́ kó sọ̀ ẹrù tán. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í pé kí ló ń fi sínú ògì mi.

"Ẹ̀pà ni," ó wí. "Mo ń yan án, mo ń lọ̀ ọ́ kúnná. Ọjọ́ tí mo bá ọ wẹ̀ ni mo rí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ nítan, àyà mi já. Ṣé inú ilé tèmi ni ìyàwó mi yóò ti rù dànù, kí wọ́n ní mo febi pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní, "Màámi, mi ò rù. Mo ń fúyẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fúyẹ́, kí n lè gba ọmọ yìí lẹ́yìn yín."

Ó wo ọmọ tó ti dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Fífúyẹ́," ó ní, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò. "Ìyẹn ò burú létí."

Láti ìgbà náà, òun ló ń ṣọ́ ẹnu mi ju dókítà lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo rù, á ti dá a lóhùn kí n tó lanu. Ó tún ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi sín, ó fi èyí tó ṣẹ́kù sín ti ọmọ.

Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò sáré o. Á mì, á dúró, á tún mì. Ṣùgbọ́n kí òjò tó dá, ó dé ibi tí wọ́n ní kó dé. Ní Ìlọrin, dókítà fọwọ́ tẹ ikùn mi, ó ní kí n wúkọ́. Kò sí ohun tó yọ.

Nígbà tí mo padà délé, ìyá ọkọ mi ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀já wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn. Mo wé ọ̀já náà, mo tún un wé, mo so ó, etí rẹ̀ sì ṣẹ́kù gbọọrọ níwájú mi. Ó ní kí n kì í bọnú. N kò kì í. Mo gba iwájú ilé gbogbo àwọn tó ti bá mi kẹ́dùn kọjá, mo jẹ́ kó máa fì, ọmọ mi sì ti sùn lọ lẹ́yìn mi.