Omi Àdúrà Lórí Ampilifáyà Mi

Ẹ bá mi bẹ ìyá ìyàwó mi kí wọ́n máa lọ sílé wọn ní Ṣàgámù lónìí yìí.

Mo ní sípíkà àtijọ́ méjì, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀kùn. Ọdún méjì ni mo fi wá ampilifáyà onígílóòbù tó bá wọn mu, irú ti àtijọ́ tí gílóòbù gíláàsì rẹ̀ máa ń tàn bó bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán òní ni mo so wọ́n pọ̀. Mo fi orin obìnrin kan sí i, ó dùn débi pé mo dijú, àfi bíi pé olórin náà wà ní pálọ̀ wa ní Kétu.

Mummy gbọ́ ohùn obìnrin, wọn ò rí obìnrin. Gílóòbù tó ń pọ́n yòò ni wọ́n rí. Kí n tó lajú, wọ́n ti bu omi àdúrà lù ú. Omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná! Ó fọ́ páú.

"Mummy, kí lẹ ṣe yìí?"

"Daddy Tolú, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ké? Ó ti jáde nìyẹn."

Ìyàwó mi náà ń ṣe àmín!

Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí n mú àfọ́kù gílóòbù dání. Màá lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n gbé maíìkì lé mi lọ́wọ́.

Ta ló máa bá mi lọ?